Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ kí yín ná kí n tó ro ẹjọ́ tí mo mú wá, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti gba ìròyìn jọ lọ́wọ́ àwọn tó jọ jáde yunifásítì á mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kì í dáhùn, ẹni tó bá sì dáhùn lè kọ ojú-ìwé mẹ́rin nípa ara rẹ̀, kó tún máa bínú pé ẹ gé e kúrú. Ẹlòmíràn á fi fọ́tò ránṣẹ́ tó jẹ́ pé àga tó jókòó lé ló hàn jù nínú rẹ̀. Ẹ kú ìfaradà.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ka ìwé ìròyìn yín. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ gíwá níwájú. Ẹ má jẹ́ kí gíwá gbọ́. Ẹ̀yìn la máa ń ṣí lọ tààrà. A ó wá ọdún tí sẹ́ẹ̀tì tiwa jáde, a ó wo ẹni tó gba ìgbéga, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà la ó wá wo ojú-ìwé àwọn olóògbé. Àwọn àgbà inú wa tiẹ̀ máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tí a ò rí orúkọ wọn rí ní ojú-ìwé sẹ́ẹ̀tì yẹn láti ìgbà tí a ti jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn olóògbé la ti kọ́kọ́ rí wọn. Nítorí àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí, mo sì kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn olóòtú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè bá wa dá sí i, torí mi ò rò pé tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yín ni mo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Orúkọ. Oyè. Ipò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́. Àmì-ẹ̀yẹ tí ẹ gbà. Ìgbéyàwó. Ọmọ tuntun. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ tí ẹ kọ "Àfikún" sí. Ẹ wá fi ojú inú wo ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ girama láti ìgbà tó ti jáde, nílé-ẹ̀kọ́ kan náà, ní ipò kan náà, tí kò gbéyàwó, tí kò sì bímọ. Kí ni kó kọ? Á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ ilé-iṣẹ́, á wo àwọn àpótí tó kù, á sì ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ olùkọ́ yìí dáadáa. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ti di dókítà, ó ní èyí tó ń fi ìṣirò ya àwòrán afárá. Ṣùgbọ́n oyè àwọn yẹn kì í ṣe oyè tirẹ̀, kò sì sí àpótí fún un.

Ohun tó burú nínú fọ́ọ̀mù ni pé kì í wo ojú ẹni tó ń kọ ọ́. Ní ọdún 2012, àwọn tó jáde ní Harvard lọ́dún 1962 ń ṣe àádọ́ta ọdún ìjáde wọn, wọ́n sì tẹ ìwé sẹ́ẹ̀tì jáde, nínú èyí tí oníkálukú ti sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀tì yẹn ni Ted Kaczynski, ẹni tó ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn, tó pa èèyàn mẹ́ta, tó sì ṣe mẹ́tàlélógún léṣe. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ pé ẹlẹ́wọ̀n lòun. Níbi tí wọ́n ti béèrè àmì-ẹ̀yẹ, ó kọ ẹ̀wọ̀n gbére mẹ́jọ tí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá fún un ní California lọ́dún 1998. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ariwo ta ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn sọ pé àwọn kábàámọ̀. Mi ò fi í ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tó pa ní ẹbí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ohunkóhun tó bá ti wọ inú àpótí ni fọ́ọ̀mù máa ń gbà. Apànìyàn rí àpótí tó bá a mu, olùkọ́ ìṣirò ò rí.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀tì tèmi gan-an. Ọ̀kan nínú wa, onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí gbogbo wa máa ń lọ bá kí ìdánwò tó dé, fi iṣẹ́ olówó gọbọi sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Kò gùn. Ó ní ìyá òun kò mọ orúkọ òun mọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni màmá náà tẹ́lẹ̀, tí òun bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìlọ́po méje, "Méje lọ́nà kan, méje, méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá", màmá á gbà á lẹ́nu òun, á sì kà á délẹ̀ láìṣì. Ó ní òun so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn màmá, òun fà á dé yàrá òun, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ màmá bá ti kan ilẹ̀ lóru, aago á dún létí òun. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀rọ tí òun ti ṣe láyé òun, òun ò ṣe èyí tó kéré tó o rí, kò sì sí èyí tí òun ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jáde nínú ìwé ìròyìn ni: "Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ."

Mo mọ̀ pé àyè ò sí. Mo mọ̀ pé ẹni tó gé e kò ní èrò búburú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ fi ẹ̀dà ohun tó kọ ránṣẹ́ sí àwa ọmọ sẹ́ẹ̀tì lórí WhatsApp, ẹ bá wo ohun tó tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì kan nínú wa tí kò sọ̀rọ̀ rí lórí ibẹ̀, àfi kó máa wò wá, kọ ìmọ̀ràn gígùn nípa bí wọ́n ṣe ń bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Ẹnì kan ní bàbá òun náà wà nínú rẹ̀, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹlòmíràn béèrè bí òun ṣe lè ṣe irú aago yẹn, wọ́n sì wà lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo mọ̀ nípa àwọn tí a jọ kàwé ju bí mo ṣe mọ̀ láti inú gbogbo ìwé ìròyìn tó ti wá sílé mi. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá sọ òótọ́ nípa ibi tó wà, àwọn tó ti fọ́n ká a máa dá a lóhùn.

Ẹ̀yin olóòtú lè sọ pé ohun tí àwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́ lẹ ń tẹ̀. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà. Ìgbà kan wà tí ìwé ìròyìn Time kọ ọ́ pé àwọn tó jáde ní Yale lọ́dún 1924 ń gba 25,111 dọ́là lọ́dún ní ìpíndọ́gba. Owó ńlá nìyẹn láyé ìgbà náà. Lọ́dún 1954, Darrell Huff, ẹni tó kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi iye tan èèyàn jẹ, gbé nọ́ńbà yìí yẹ̀ wò. Ó kọ́kọ́ fura sí i pé ó péye jù. Ta ló mọ owó tó wọlé fún òun lọ́dún dé orí dọ́là mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn? Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tó dára jù: àwọn wo ni adírẹ́sì wọn sọnù mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́? Kì í ṣe olówó ni adírẹ́sì rẹ̀ ń sọnù. Nínú àwọn tí adírẹ́sì wọn sì wà, àwọn wo ló ju ìwé náà nù láìdáhùn? Nígbà tí ẹ bá yọ gbogbo àwọn wọ̀nyí kúrò, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni àwọn tó rí nǹkan fọ́nnu lé. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló kún ojú-ìwé yín. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tuntun tó bá ń kà á á rò pé gbogbo èèyàn ló ń gòkè, òun nìkan ló wà nílẹ̀.

Kò sì fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1691 àti 1692, Anthony Wood tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn òǹkọ̀wé àti bíṣọ́ọ̀bù tó kàwé ní Oxford láti ọdún 1500. Kò pọ́n ẹnikẹ́ni lé ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Aubrey ló ń kó ọ̀rọ̀ wá fún un, Aubrey sì jẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ ò di. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Earl ti Clarendon ìṣáájú, ìjòyè ńlá kan ní England, gba owó kó tó fún èèyàn ní ipò lọ̀rọ̀ ti wọ́. Earl ti ṣaláìsí, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ pe Wood lẹ́jọ́. Lọ́dún 1693, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì, wọ́n sì dáná sun àwọn ojú-ìwé tó ṣẹ̀ wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù irú nǹkan báyìí máa bà yín, mi ò sì dá yín lẹ́bi. Ohun tí mò ń béèrè yàtọ̀. Wood ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Èmi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí èèyàn sọ tara rẹ̀ bó ṣe rí.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú irú èyí ni ti Cambridge, tí John Venn àti ọmọ rẹ̀ John Archibald Venn ṣe. John Venn yìí náà ni onímọ̀ ìṣirò tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn òbìrípo tó máa ń wọnú ara wọn. Ìdìpọ̀ mẹ́wàá ni, ọdún 1922 ni èyí àkọ́kọ́ jáde, ọdún 1954 ni wọ́n tó parí rẹ̀, bàbá sì ti kú kí wọ́n tó dé ìdajì. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n lè rí tó wọ Cambridge láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún 1900. Ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ àlùfáà kékeré ní abúlé kan ṣoṣo títí tó fi kú náà wà níbẹ̀: ọdún tó wọlé, ọdún tó gboyè, ibi tó ti ṣiṣẹ́, ọdún tó kú. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ orúkọ àti ọdún nìkan ni wọ́n rí. Wọn ò tìtorí ìyẹn yọ wọ́n kúrò. Àwọn òpìtàn kì í fi ìwé náà ṣeré lónìí, torí pé ẹni tí kò lókìkí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà, wọ́n á rí i níbòmíràn.

Ẹ ò sì ní í máa sọ pé ìbéèrè mìíràn ò sí tí ẹ lè bi àwọn èèyàn. Lọ́dún 1938 ni àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ayé àwọn ọ̀dọ́kùnrin 268 tí wọ́n wà ní Harvard nígbà náà. Nǹkan bí ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn: nípa iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nípa ìlera, nípa ìgbéyàwó, nípa ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Robert Waldinger tó ń darí ìwádìí náà ti sọ àbájáde rẹ̀ fáyé gbọ́: bí èèyàn ṣe wà pẹ̀lú àwọn tó sún mọ́ ọn ló ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe le lọ́jọ́ ogbó, ju owó àti òkìkí lọ. Ohun tí àwọn wọ̀nyí fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè, kò sí lórí fọ́ọ̀mù yín àfi tó bá jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè pàápàá ti ń yí ìbéèrè wọn padà. Ní UK, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tẹ́lẹ̀ máa ń wá wọn kàn ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń dúró báyìí, nítorí oṣù mẹ́fà kò tó fún èèyàn láti mọ ibi tó dorí kọ. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ àti owó, wọ́n ń béèrè bóyá ohun tí ẹni náà ń ṣe nítumọ̀ lójú ara rẹ̀, bóyá ó bá ohun tó ń wá lọ́jọ́ iwájú mu, bóyá ó ń lo ohun tó kọ́. Tí ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè bá lè béèrè bóyá iṣẹ́ rẹ nítumọ̀ sí ẹ, ìwé ìròyìn tó ń pe ara rẹ̀ ní ti ẹbí kò yẹ kó máa tijú.

Ti ìgbéga, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. LinkedIn, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń kéde iṣẹ́ wọn, ti wà láti ọdún 2003. Kí ìwé yín tó jáde, a ti kí ẹni náà kú oríire, ó ti dúpẹ́, ó tiẹ̀ lè ti kúrò níbi iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ ò lè bá fóònù sáré. Ohun tó kù fún yín ni èyí tí èèyàn ò ní gbé síbi tí ọ̀gá rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ ti ń wò ó, ṣùgbọ́n tó lè sọ létí àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tí kò tíì ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ obìnrin nìyí, mo sì máa dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ torí ó kàn mí. Orúkọ tí ẹ fi ń kọ̀wé sí mi kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú sẹ́ẹ̀tì mi mọ̀. Orúkọ ọkọ mi ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde nìkan, ó dà bíi pé ẹ ò tẹ nǹkan kan, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún padà sí ti bàbá rẹ̀. Nínú ìwé yín, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọkùnrin tí a jọ jókòó ní kíláàsì, orúkọ kan náà ló ń jẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti tọpa iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ máa kọ orúkọ tí a fi mọ obìnrin nílé-ẹ̀kọ́ ṣáájú, kí ẹ wá kọ èyí tó ń jẹ́ báyìí tẹ̀lé e, tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná, torí àwọn kan ní ìdí tí wọn ò fi fẹ́ kí ẹnì kan rí wọn. Bákan náà ni orúkọ ọmọ kékeré àti ọjọ́ ìbí rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ wọ́n mọ́. Irú nǹkan yẹn ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń ṣí àkáǹtì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Inú àpòòwé kan náà ni fọ́ọ̀mù ìròyìn àti ìwé ẹ̀bẹ̀ owó máa ń wà. Kò sí ìtìjú nínú kí ilé-ẹ̀kọ́ béèrè owó. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó pẹ́ jù nínú èyí tó ṣì wà dòní, ti Williams College ní Massachusetts, wàhálà ló bí i lọ́dún 1821. Ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà, Zephaniah Swift Moore, kó díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání, ó lọ di ààrẹ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amherst. Àwọn tó ti jáde ló péjọ kí Williams má bàa pa rẹ́. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe àjèjì sí irú ẹgbẹ́ wa. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí pé báwo ni mo ṣe wà, tí ẹ sì na ọwọ́ kejì fún owó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní dá yín lóhùn lórí èyíkéyìí. Ẹ pín wọn sí oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ kò ju ìbéèrè díẹ̀ lọ. Kí ni ẹ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ta lẹ ń tọ́jú, ta ló sì ń tọ́jú yín? Ta ni ẹ ń wá nínú sẹ́ẹ̀tì yín? Ẹ fi oyè àti ipò sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù láti kọ ọ́, ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà ṣiṣẹ́ fún un, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, a ó bá a yọ̀. Kí ó ṣáà má jẹ́ òun nìkan la ó máa gbọ́.

Ní ti sẹ́ẹ̀tì tèmi, mo yọ̀ǹda ara mi. Tí ẹ bá gbà, èmi ni mo máa pe àwọn tí ẹ ti kọ "a kò rí i mọ́" sí iwájú orúkọ wọn. Nọ́ńbà ọ̀pọ̀ wọn wà lọ́wọ́ mi. Wọn ò sọnù, ẹ̀yin ni wọn ò dá lóhùn. Olùkọ́ ìṣirò yẹn ti ní òun máa kọ tí kò bá ní sí àpótí níbẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ náà ní òun ò kọ nǹkan kan mọ́ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ èyí tí òun kọ lọ́jọ́sí bó ṣe wà. Ó ti yọ̀ǹda, mo sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín. Ẹ wá àyè fún un ní ojú-ìwé sẹ́ẹ̀tì wa nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìlọ́po méje yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yín